Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹja pípa lórí adágún tó dì

Ní Minnesota, lápá àríwá Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀rẹ́ máa ń kóra jọ nígbà òtútù lọ sun ọjọ́ mélòó kan lórí adágún tó ti di yìnyín. Adágún Lake of the Woods gbajúmọ̀ fún un. Wọ́n á lu ihò, wọ́n á ju ìwọ̀ sínú ẹ̀, wọ́n á jókòó tì í nínú ahéré tó ní sítóòfù. Omi ìsàlẹ̀ kì í dì, torí ní ìwọ̀n 4°C ni omi wúwo jù: ìyẹn á rì, yìnyín á léfòó. Abẹ́ ẹ̀ lẹja wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú wọn yìnyín o! Ẹ fi irin wọ̀n ọ́n. Kó nípọn tó íǹṣì 4, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀. Kí ahéré sì ní ojú afẹ́fẹ́. Gáàsì olóró tí sítóòfù ń tú jáde kò lóòórùn, ó sì ń pààyàn lójú oorun.