Gbígba Àyè Kí A Tó Pẹja Ṣeré ní Etíkun Ìlàjẹ

Bí ará ìlú ńlá bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá, tí ó ń lọ fi ìwọ̀ pẹja ṣeré ní etíkun Ìlàjẹ, ó lè rò pé omi kò ní ẹni tí ó ni ín. Lóòótọ́, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀, ibi tí apẹja ta àwọ̀n sí ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ àlejò bá já àwọ̀n náà, eré ẹnìkan di ebi ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí àlejò kọ́kọ́ tọ baálẹ̀ abúlé lọ. Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ní ọba tirẹ̀. Ààfin ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ó sọ ọjọ́ tí ó fẹ́ wá, iye ènìyàn tí ó bá a wá, àti ohun tí yóò fi ẹja ṣe. Kí ó sì béèrè ibi tí àwọ̀n wà, àti ibi tí a kì í dé.

Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé tí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni yóò fi ọ̀nà omi hàn án.