Èdè Ìdáná Àwọn Ará Guangzhou: Ẹ Ṣọ́ Ohùn Yín!

 

Oníṣòwò Nàìjíríà kì í ṣe àjòjì ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ná ọjà Canton Fair níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa náà, ilé iṣẹ́ àwọn ará Guangdong wà ní agbègbè Adó-Odò/Ọ̀tà. Cantonese ni èdè àbínibí Guangzhou, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mandarin ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí oníbàárà yín ń sọ.

Ẹni tó lọ nájà á jẹun, torí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé ìdáná. Àwa ń dín àkàrà, à ń dín ẹyin, "dín" kan náà ni. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Kí nǹkan rì sínú òróró bí àkàrà, *jaa* ni, ohùn àárín. Kí a fi òróró díẹ̀ dín ẹyin, *jíín* ni. Kí a máa rò ó láìdúró lórí iná líle, *chàáu* ni. Kí a fi ooru omi sè é bíi mọ́ínmọ́ín, *jíng* ni. Kí a fọ ẹ̀fọ́, *sàí*.

Ibi tó léwu rèé o. *Jùú* ni "sè": ẹ ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ wá pe "i", kí ohùn máa gòkè. Tí ohùn bá wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀, tó di *jú*, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ dárúkọ yẹn! Alhaja wa tí kì í fẹnu kàn án ńkọ́? Bákan náà, *tọ́ng* ni ọbẹ̀, *tọ̀ng* ni ṣúgà. Èyí tó kan ọjà jù ni pé *mààí* ni rà, *mààì* ni tà. Ẹni tó bá ṣì í, ó fẹ́ rà ni wọ́n á rò pé ó fẹ́ tà.

Kí ẹ̀rù má bà yín. Ohùn mẹ́fà ni tiwọn, mẹ́ta ni tiwa, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ìyá wa la ti mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Etí wa ti mọ iṣẹ́ yìí ju ti òyìnbó lọ.

Ẹ mú méjì lójúmọ́. Bí ẹ bá ń fọ ewùrà ìkọ́kọrẹ́, ẹ pe *sàí*. Bí ìkòkò bá dórí iná, ẹ pe *jùú*. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó gbọ́ èdè náà, ẹ ní kó kọ́kọ́ pè é, kí ẹ tẹ̀ lé e. Ajé á wọ igbá gbogbo wa o.