Àjàṣẹ́: olú-ìlú tí ìjọba kò fi ṣe ibùjókòó

Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Ìwé òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ bẹ́ẹ̀ ní abala kìíní gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ológun kan fẹ́ fipá gbàjọba ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà sì lọ gbèjà ìjọba Ààrẹ Patrice Talon, Kútọnu ni ìròyìn ń dárúkọ láàárọ̀ lálẹ́. Ibẹ̀ ni ààrẹ ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ni àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè kó ọ́fíìsì wọn sí. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó ń ná ọjà ibẹ̀, fi gbà pé Kútọnu ni olú-ìlú. Omi ló bí ọ̀rọ̀ yìí, kí òṣèlú tó dá sí i.

Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Kútọnu. Ọ̀sà náà so mọ́ adágún Nokoué ní ìwọ̀-oòrùn. Ní ìlà-oòrùn, omi náà gba Àgbádárìgì wá sí Èkó. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní etí omi Bàríga ní Èkó, níbi tí afárá Third Mainland ti ń hàn kedere, lè gba orí ọ̀sà dé Àjàṣẹ́ láì gba orí òkun rárá. Èdè àwọn Ègùn apẹja tó tẹ̀dó sí Bàríga náà ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú Yorùbá. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà tó pín àwọn ènìyàn kan náà yìí sí méjì.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accron, kí Tè-Agbanlin, ọmọ ọba láti Allada, tó wá fi ìdí ìjọba kalẹ̀ níbẹ̀. Òwò ẹrú sọ ìlú náà di ńlá, òwò epo sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1861, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú. Ọba Sodji wá ààbò lọ sọ́dọ̀ Faransé ní 1863. Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 sí 1908, tún fara mọ́ Faransé nítorí ìbẹ̀rù ìjọba Dahomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey tán, Àjàṣẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú.

Ọ̀sà tó gbé ìlú náà ga ni kò jẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń ti Yúróòpù bọ̀ kò lè wọnú ọ̀sà. Ẹrù Àjàṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ sọ̀ ní etí òkun Kútọnu, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e lọ lórí ọ̀sà. Ìgbì ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kékeré máa ń dojú dé tẹrùtẹrù. Ní àwọn ọdún 1890, Faransé kọ́ èbúté kan tó nà wọnú òkun ní Kútọnu, kí ọkọ̀ lè já ẹrù síbẹ̀ láì gba àárín ìgbì. Ojú irin bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èbúté olómi jíjìn sì ṣí níbẹ̀ ní 1965. Ibi tí owó kọ́sítọ̀ọ̀mù bá wà, ibẹ̀ ni báńkì ń lọ. Ibi tí báńkì bá lọ, ìjọba kì í jìnnà síbẹ̀. Ètò ìkànìyàn Benin ní 2013 fi hàn pé Kútọnu ti fi ìlọ́po méjì ju Àjàṣẹ́ lọ.

Ní ibòmíràn, ìjọba ló ń pinnu ibi tí olú-ìlú yóò wà. Nicaragua mú Managua ní 1852 kí ìjà ìlú León àti Granada lè tán. Belize kó lọ sí Belmopan ní 1970, lẹ́yìn tí ìjì ọdún 1961 ba olú-ìlú àtijọ́ jẹ́. Nàìjíríà ṣòfin Àbújá ní 1976, ó sì kó kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ti Benin yàtọ̀: iṣẹ́ ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, oyè sì dúró síbi tó wà. Ó jọ pé òṣèlú ló jẹ́ kí oyè náà dúró. Láyé òmìnira, olóṣèlú mẹ́ta, Apithy ọmọ Àjàṣẹ́, Ahomadégbé ti Abomey àti Maga ará àríwá, ń du agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Gbígba oyè lọ́wọ́ ìlú Apithy ìbá dá ìjà sílẹ̀.

Àjàṣẹ́ kò sì ṣófo. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà níbẹ̀, ayàwòrán-ilé Francis Kéré ọmọ Burkina Faso ló sì ya àwòrán ilé tuntun fún un. Ààfin Honmè ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé-ẹ̀kọ́ oko Songhai, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná. Èyí tó wúni lórí jù ni mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní nǹkan bí 1912. Ilé ìṣọ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀dà aláràbarà àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ wà lára ògiri rẹ̀. Ojú rẹ̀ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil mu. Bóyá bí èbúté ńlá bá wà ní Àjàṣẹ́ ni, wọn ì bá ti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó bá gba Ìdírókò wọ Benin yóò bá ọ̀nà tó já sí Àjàṣẹ́. Ẹni tó gba Sẹ̀mẹ̀ ni yóò yà sí ọ̀tún kó tó dé Kútọnu. Kí ará Ṣómólú àti Bàríga tó ń lọ ra ọjà yà níbẹ̀, kó rí olú-ìlú gan-an.