Ehoro yín ń jẹ èérún pákó tó ń sùn lé? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ koríko ló ń wá

Gẹdú kì í wọ́n ní Douala. Èbúté ìlú náà ni ọ̀pọ̀ pákó tí Kamẹrúùnù ń tà sókè òkun ń gbà kọjá, ibi tí gẹdú bá sì ń gbà, sọ́mìlì kì í jìnnà síbẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ pé èérún pákó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọkàn ẹni tó bá ra ehoro wálé. Kò wọ́nwó, ó ń fa ìtọ̀ mu, àwọn tó ń sin adìyẹ náà sì ń lò ó.

Ìgbà tí ehoro bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ni wàhálà dé.

Àwọn kan á jágbe mọ́ ọn, àwọn mìíràn á pàtẹ́wọ́ lé e. Kò sí èyí tó wúlò nínú méjèèjì. Ehoro kì í jẹ ìtẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àgò, nítorí oríkunkun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó yẹ kó máa jẹ tọ̀sán-tòru ni kò sí níwájú rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ ìyá ehoro tó ń pa ọmọ tuntun jẹ kọ́ la ń sọ o. Ìyẹn ní ìdí tirẹ̀.)

Ṣé ìtẹ́ ló ń jẹ lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro máa ń ṣu. Èyí tó le, tó rí róbótó, ni a máa ń rí nílẹ̀. Èkejì rọ̀, ó ń dán, ó so pọ̀ bí èso àjàrà kéékèèké. Ehoro máa ń tẹ orí ba láti fẹnu gbà á tààrà láti ìdí ara rẹ̀, pàápàá lóru tàbí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà tí ilé bá dákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìdọ̀tí ló ń jẹ. Rárá o. Fítámì B àti purotéènì tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun rẹ̀ pèsè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dí i lọ́wọ́, oúnjẹ gan-an lẹ gbà lẹ́nu rẹ̀ yẹn.

Abo ehoro tó fẹ́ bímọ náà máa ń fẹnu kó ìtẹ́ kiri, á tún máa fa irun àyà rẹ̀ tu. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni oyún ehoro. Kódà, èyí tí kò lóyún lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ara rẹ̀ bá tàn án jẹ. Ibùsùn ọmọ ló ń kọ́, kò gbé nǹkan kan mì.

Ẹnu ehoro kò gbọdọ̀ dilẹ̀

Eyín ehoro kì í ṣíwọ́ híhù títí tó fi máa kú. Ti iwájú ń hù ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lọ́dún kan, rírún oúnjẹ ló sì ń mú kí eyín máa jẹ wálẹ̀. Ìfun rẹ̀ náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí fọ́nrán koríko tó ń tì í. Ìdí nìyí tí ehoro tó wà lómìnira fi máa ń jẹ koríko fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́.

Ẹ wá wo èyí tó wà nínú àgò. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì àná àti ìkúnwọ́ provende, bí wọ́n ṣe ń pe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Douala. Ó jẹ ẹ́ tán kíákíá, ikùn kún, ẹnu wá dilẹ̀. Kí ló kù tó lè rún? Bí provende náà bá tún jẹ́ ti adìyẹ, ewu mìíràn nìyẹn, nítorí pé oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ àwọn kan lára oúnjẹ adìyẹ lè pa ehoro.

Kí ló burú nínú èérún pákó?

Ehoro kò lè bì. Ohun tó bá ti kọjá ọ̀fun rẹ̀, iwájú nìkan ló lè gbà. Èérún díẹ̀ lè bá ìgbẹ́ jáde láìsí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó bá pọ̀ lè dí ìfun. Èyí tó burú jù ni amọ̀ tí wọ́n ń tà fún ìgbẹ́ ológbò, oríṣi tó máa ń wú, tó sì ń dì bí omi bá kàn án. Ẹ má jẹ́ kó dé inú àgò ehoro rárá.

Ọ̀rọ̀ irú igi tún wà ńbẹ̀. Sọ́mìlì kì í ṣa èérún igi kan sọ́tọ̀ fún yín. Arère, tí àwọn ará Kamẹrúùnù ń pè ní ayous, lè wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ìrókò, igi tí àwọn oníṣòwò gẹdú káàkiri ayé ń fi orúkọ Yorùbá pè. Eruku ìrókò máa ń da àwọn òṣìṣẹ́ tó ń là á láàmú: ara yíyún, ikọ́, mímí fín-ín-fín. Ní tèmi, n kò ní tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹran tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ẹ fi ohun tó lè jẹ ṣe ìtẹ́ rẹ̀

Ẹ kó èérún náà dà nù lónìí. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ tẹ́ dípò rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, oúnjẹ ló jẹ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń fa omi, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn lásán sábẹ́ koríko náà, kì í ṣe bébà tó ń dán.

Lẹ́yìn náà, ẹ so koríko púpọ̀ kọ́ sí òkè igun tó máa ń ṣu sí, nítorí ehoro fẹ́ràn kó máa jẹun bó ṣe ń ṣu (ìwà tí a ò ní gbà lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn). Bó bá ṣì ń wá ìwé ìsàlẹ̀ jẹ, ẹ fi wáyà alásẹ́ bò ó, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má baà bó. Ẹ̀ka gúáfà náà dára fún un láti máa họ.

Kò sídìí láti wá koríko tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láti Yúróòpù. Èèsún, tí wọ́n ń pè ní sissongo ní Kamẹrúùnù, wà káàkiri. Yúnyun, igbálódè àti ewé ọ̀dùnkún náà dára. Ẹ yẹra fún koríko etí gọ́tà, ti ibi tí wọ́n ti fín oògùn, àti ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dára, àmọ́ kì í ṣe ti àwọn oko ńlá bíi ti Njombé-Penja, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú fín oògùn sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Òjò ni ìṣòro tó kù. Èyí tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún kan ju 3,500 mílímítà lọ, oṣù Keje àti Ìkẹjọ ló sì máa ń pọ̀ jù. Koríko tó bu funfun kò yẹ fún jíjẹ bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ fún sísùn lé. Ẹ gé púpọ̀ sílẹ̀ láàárín oṣù Kejìlá sí Ìkejì, ẹ sá a sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ gbé e ka orí ohun tó ga nílẹ̀. Nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí tútù rọ díẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Bí ẹran náà kò bá mọ koríko tútù tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ní ti provende ehoro, gírámù 25 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹran náà wọ̀n ti tó lójúmọ́.

Ìgbà wo ni kí ẹ sáré?

Bí ehoro kò bá jẹun, tí kò sì ṣu fún wákàtí 12, tó ká gúlútú sójú kan tàbí tó ń wa eyín pọ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì ra ampicillin tàbí amoxicillin fún un lọ́dọ̀ olóògùn àdúgbò: bí ehoro bá gbé wọn mì, wọ́n lè pa á. Dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kankan ní Douala lè béèrè ní ẹ̀ka MINEPIA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran ọ̀sìn. Ẹ bu díẹ̀ dání nínú ohun tó jẹ, kí dókítà lè rí i.