Òkè Aiguille du Midi: Ọkọ̀ ń fi ogún ìṣẹ́jú gòkè, ara kò lè yára tó bẹ́ẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà fi ẹsẹ̀ gun òkè tó ga ju gbogbo òkè Nàìjíríà lọ, yóò ní kí wọ́n wá ọmọdé rán. Ṣùgbọ́n ní ìlú Chamonix, lórílẹ̀-èdè Faransé, tí kò jìnnà sí Geneva, kò sẹ́ni tó ń béèrè agbára ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó wọ ọkọ̀ kan tó dà bíi yàrá kékeré, tí wọ́n so rọ̀ mọ́ wáyà irin, ó di òkè. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti dé Aiguille du Midi, tó fi mítà 3,842 ga ju òkun lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi tilé wé e. Òkè Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Plan de l'Aiguille, níbi tí èrò ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ kejì, ti wà ní mítà 2,317, bẹ́ẹ̀ gígùn òkè náà kò tíì dé ìdajì.

Ọdún 1955 ni wọ́n ṣí ọ̀nà wáyà yìí. Láti Plan de l'Aiguille títí dókè, kò sí òpó kankan tó gbé wáyà náà ró. Ẹni tí òyì máa ń kọ́, ẹ̀yìn ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni kó máa wò. Bí ẹ bá débẹ̀, Mont Blanc ni ẹ ó máa wò, òkè oníyìnyín tó ga ju mítà 4,800 lọ, tí Jacques Balmat àti Michel Paccard kọ́kọ́ gùn dórí lọ́dún 1786. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, yàrá onígíláàsì kan tún wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ pàápàá jẹ́ gíláàsì. Ọ̀gbun ni ẹ ó máa wò lábẹ́ bàtà yín. Ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù o, ìbáà jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Afẹ́fẹ́ ni ohun tí ojú kò rí. Ó fúyẹ́ lókè náà débi pé bí ẹ bá mí nígbà mẹ́wàá, ọ́síjìn tí ẹ ó rí kò ju ti bí ìgbà mẹ́fà lọ ní Èkó. Àtẹ̀gùn díẹ̀ ti tó láti mú èèyàn máa mí hẹlẹhẹlẹ. Orí lè máa fọ́ni, òyì sì lè máa kọ́ni.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí bàálù tí mo wọ̀ wá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú bàálù, débi pé ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà mọ̀ ju ibi tó ga ní nǹkan bí mítà 2,400 lọ. Kò sẹ́ni tó ń fún afẹ́fẹ́ sórí Aiguille du Midi.

Nítorí náà, ẹ sinmi díẹ̀ ní Plan de l'Aiguille. Ẹ rọra máa rìn, ẹ mu omi, ẹ fi ọtí sílẹ̀. Wákàtí kan sí méjì tó lókè. Bí ara bá kọ̀ ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ padà sísàlẹ̀, ẹ má wo ti owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ibi tó kan àwa gan-an nìyí. Àìtó ọ́síjìn máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, ṣù pọ̀, ìrora ńlá sì lè tẹ̀ lé e. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gòkè yìí láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn AS, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ọ̀kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, sábà máa ń lọ kí wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan níbi tó ga tó báyìí pé inú ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n gidigidi lápá òsì, lábẹ́ ìhà. Kì í ṣe inú rírun lásán. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni yín, torí ó lè má wá sí ọkàn tiwọn lọ́hùn-ún.