Obì, Tíì àti Oògùn Ẹ̀fọ́rí: Ohun tí Aboyún Ní Láti Mọ̀ Nípa Kafíìnì

Bí a bá bi aboyún kan ní Alajue pé ṣé ó ń mu kọfí, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Rárá o, èmi kì í mu kọfí." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀: awẹ́ obì wà níbẹ̀, èyí tí ó ti ń jẹ láti àárọ̀ kí èébì má baà gbé e. Ẹ wo inú àpò owó rẹ̀: oògùn ẹ̀fọ́rí wà níbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú kọfí ni ó wà nínú obì, òun náà ni wọ́n sì fi sínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí tí à ń rà láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Kafíìnì ni orúkọ rẹ̀.

Kafíìnì ni ó ń lé oorun lọ lójú awakọ̀ tí ó ń jẹ obì lóru, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ebi tètè pa á. Nínú ara ẹni tí kò lóyún, ó máa ń tó bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ṣùgbọ́n bí oyún ti ń dàgbà ni iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ lórí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ó lè tó wákàtí 15. Èyí ni pé obì tí aboyún jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń pa òmíràn ní òwúrọ̀. Ó sì ń gba inú ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò tíì lágbára láti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ara ìyá nìkan ni ó lè bá a gbé e jáde.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo aboyún tí kafíìnì tí ń wọ ara rẹ̀ lójúmọ́ ju mílígíráàmù 300 lọ nímọ̀ràn pé kí ó dín in kù, kí ewu oyún bíbàjẹ́ àti bíbí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n lè dín kù. Ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n ni èyí tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí a bí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tètè máa ń gba òtútù, ọmú fífà lè nira fún un, àrùn sì tètè máa ń mú un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 200 ni wọ́n fi ṣe òpin. Ní tiwa, 200 yìí ni a fara mọ́, nítorí pé obì kò ní àkọlé lára tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Báwo ni a ó ṣe wọ̀n ọ́n? Ife ńlá kọfí kan lè ní tó 100, ife tíì kan bíi 75, agolo kóòkì kan bíi 40, agolo kékeré ẹ́nájì dírínkì bíi 80. Níhìn-ín, tíì ni a ń pe gbogbo ohun tí a bá fi omi gbígbóná pò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó yé wa: tíì alájọ tí a ń rì sínú omi ni à ń wí. Bournvita àti Milo, tí a fi kòkó ṣe, ní díẹ̀ péré nínú. Màlítì kò ní rárá. Ní ti obì, ìbáà ṣe gbànja tàbí àbàtà, bí a bá sá a gbẹ, kafíìnì lè tó gíráàmù 2 nínú 100 gíráàmù rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ gíráàmù 5 obì gbígbẹ ti jẹ bí ife kọfí kan. Ẹni tí ó bá sì mu ife tíì méjì, tí ó jẹ irú obì yẹn, tí ó tún mu oògùn ẹ̀fọ́rí kan, ti kọjá 300 láìmọ̀.

Oògùn ẹ̀fọ́rí yìí gba àlàyé díẹ̀ sí i. Ta ni kò mọ Alábùkún, tí Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1918? Mílígíráàmù 60 kafíìnì ni ó wà nínú ìdì kan, pẹ̀lú 760 ásípírìn. Ásípírìn tí ó pọ̀ tó báyìí kò yẹ aboyún, pàápàá láti oṣù karùn-ún síwájú, nítorí ó lè pa kíndìnrín àti ọkàn ọmọ lára, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya ìyá nígbà ìbímọ. (Bí dókítà bá kọ ásípírìn kékeré fún yín nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí yàtọ̀, ẹ má ṣe dá a dúró.) Panadol lásán kò ní kafíìnì, Panadol Extra ní 65 nínú hóró kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni pé aboyún lè fi oògùn bo ẹ̀fọ́rí tí ó jẹ́ ìkìlọ̀. Bí oyún bá ti kọjá oṣù márùn-ún, tí orí ń fọ́ láìdáwọ́ dúró, tí ojú ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ sì ń wú, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó lè jẹ́, ó sì lè di gìrì. Ẹ má ṣe mu ohunkóhun kí ẹ tún sùn lé e. Kí ọkọ tàbí ìyá ọkọ gbé aboyún náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Tíì àti kọfí tún ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i láti inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹ má ṣe fi tíì mu oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún yín. Omi ni kí ẹ fi mu ún, kí tíì sì dúró di wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ.

Àwọn ìyá àgbà yóò bi wá pé, "Obì tí a fi ń sọmọ lórúkọ ni ẹ wá sọ di èèwọ̀?" Rárá, Ìyá. Awẹ́ kékeré kan níbi àríyá kò ṣe nǹkan. Èyí tí a ń jẹ láti àárọ̀ di alẹ́ ni à ń bá wí. Bí èébì bá ń dààmú aboyún, kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ó jẹ ohun gbígbẹ bíi bisikíìtì kí ó tó dìde lórí ibùsùn, kí ó sì mu omi tí a fi atalẹ̀ sè. Ẹni tí obì ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí orí yóò fọ́ ọ, yóò sì tún sá padà sí ìdí oògùn. Kí ó dín in kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tí ẹ ń jẹ àti oògùn tí ẹ ń lò, ẹ dárúkọ obì àti Alábùkún náà fún un. Kò ní bá yín jà.