Ta Ni Ẹnìkẹta? Alùpùpù Àkọ́rà àti Ọ̀rọ̀ Adójútòfò

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ alùpùpù. Iṣẹ́ wa ni kí a máa tú ìwé wò, kí a mọ ohun tí ó sọ àti ohun tí ó fi pamọ́. Ìwé tí mo kùnà jù lọ láti kà láyé mi kì í ṣe ìwé ewì tàbí eré-onítàn. Pélébé ìwé kan ni, abẹ́ ìjókòó alùpùpù mi ni ó wà.

Orúkọ mẹ́ta

Ìró ẹ̀rọ náà ni a gbọ́ tí a fi pè é ní alùpùpù. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ ti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air wá, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Orúkọ kìíní ń sọ ti ariwo, èkejì ń sọ ti eré. Kò sí èyí tí ó sọ ti ewu nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó sọ ọ́: adójútòfò. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tí a ó rí ni ‘a-dójú-ti-òfò’, èyíinì ni ohun tí ń dójú ti òfò. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi í léèrè: òfò ta ni?

Ríra alùpùpù

Ní ọdún 1994, mo jẹ́ ọmọ ọdún 24, mo sì ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Mo ra Suzuki kan, àlòkù ni. Mo wo ọ̀dà ara rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tán. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n èmi kò wo ilé.

Ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ wò ni nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì àti èyí tí ó wà lára irin alùpùpù. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó wà nínú ìwé mu. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ń tà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó ṣàlàyé bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Kí ó fún wa ní rìsíìtì, kí a sì lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì ìjọba. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo bíréèkì àti táyà.

Owó akoto tí a ó dé sórí gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí a fi pamọ́ láti ra alùpùpù. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú ọ̀ràn akoto láti January 2009. Àwọn kan dé igbá nígbà náà láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. Wọ́n rò pé nítorí ọlọ́pàá ni a ṣe ń dé e.

Ìwé tí n kò kà

Ọkùnrin kan wà lábẹ́ agbòòrùn ní ìta ọ́fíìsì tí mo ti gba nọ́ńbà. Ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní ìwé adójútòfò tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. N kò ka ìlà kan níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, mo kọlu ìyá kan tí ó ń kiri ẹ̀kọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nígbà tí a gbé ìwé náà lọ sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn. Ayédèrú ni. Mo ta alùpùpù náà, mo sì fi ìdajì owó oṣù mi tọ́jú ìyá náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò tún kiri ẹ̀kọ mọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, ó wò mí, ó ní: “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé, ẹ kò ka ti yín?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹnìkẹta

Nínú gírámà, ‘mo’ ni ẹnìkíní, ‘o’ ni ẹnìkejì, ‘ó’ sì ni ẹnìkẹta, ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn adójútòfò rí. Èmi tí mo san owó ni ẹnìkíní, ilé-iṣẹ́ ni ẹnìkejì. Ìyá ẹlẹ́kọ, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe àdéhùn, ni ẹnìkẹta.

Òfin ọdún 1945 ni ó sọ ìdáàbòbò ẹnìkẹta di dandan ní Nàìjíríà ní ti ikú àti ìfarapa. Òfin ọdún 2003 fi dúkìá kún un, ti ọdún 2025 sì kó wọn jọ sójú kan. Láti January 2023, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ náà fi owó ti alùpùpù sí ₦3,000 lọ́dún, ó sì fi ìwọ̀n ohun tí a lè san lórí dúkìá ẹnìkẹta sí mílíọ̀nù kan náírà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé irú èyí kò dójú ti òfò ẹni tí ó ni alùpùpù. Bí olè bá gbé e, tàbí tí ó bá wó, ti olówó ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdáàbòbò tirẹ̀ yóò ra èyí tí ó gbòòrò, tí ó sì wọ́n jù ú lọ.

Kì í ṣe èésú, nínú èyí tí oníkálukú yóò kó owó rẹ̀ padà. Owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a fi ń gbé ẹni tí ibi bá ṣẹ̀ sí. Nítorí náà, kò sí àwìn níbẹ̀: bí owó kò bá tíì dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́, kò sí ìdáàbòbò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ sí irọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlò ara òun ni òun rà á fún, tí ó wá ń fi kó èrò gbowó, lè rí i pé ilé-iṣẹ́ kò dá a lóhùn ní ọjọ́ tí ó nílò wọn. Nínú irú ìwé yìí, ohun tí a dákẹ́ lé lórí lè jẹ́ irọ́.

Ìkádìí

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ra alùpùpù àkọ́rà, ẹ ra ìwé yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gun ohunkóhun. Ẹnìkẹta wà lójú ọ̀nà, ó ru igbá ẹ̀kọ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.